Odò kan, òkun méjì: ìbéèrè àti ìdáhùn nípa North Two Ocean Creek

Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo máàpù ìpínlẹ̀ Wyoming ní Amẹ́ríkà yóò rí odò tínńtín kan tó dé oríta, tó yà sọ́tùn-ún, tó tún yà sósì, tí ọ̀tún àti òsì náà kò sì pàdé mọ́ láé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń rò pé ọwọ́ ẹni tó ya máàpù náà ló gbọ̀n. Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń béèrè nípa odò ọ̀hún nìwọ̀nyí, pẹ̀lú ìdáhùn wọn.

Odò wo nìyí, ibo ló sì wà?

Orúkọ rẹ̀ ni North Two Ocean Creek. Odò kékeré gbáà ni, èyí tí èèyàn lè là kọjá láìsí wàhálà. Ó wà ní apá àríwá-ìwọ̀-oòrùn Wyoming, ní gúúsù Yellowstone National Park, nínú igbó kìjikìji tí wọ́n ń pè ní Teton Wilderness, èyí tó jẹ́ apá kan Bridger-Teton National Forest. Kò sí ìlú nítòsí rẹ̀, kò sí oko, kò sí ọ̀nà mọ́tò.

Òkè kan tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, Two Ocean Plateau, ni odò náà ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ó ń bọ̀ láti àríwá wá sí gúúsù, títí yóò fi dé àyè tó lọ sílẹ̀ díẹ̀ láàárín àwọn òkè, tí wọ́n ń pè ní Two Ocean Pass. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "lọ sílẹ̀" yẹn tàn yín jẹ o: ibẹ̀ ṣì fi ohun tó lé ní 2,400 mítà ga ju ojú òkun lọ. Ibẹ̀ ni odò náà ti pín.

Báwo ni odò kan ṣoṣo ṣe lè ṣàn lọ sí òkun méjì?

Ká kọ́kọ́ sọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀. Òjò tó bá rọ̀ sórí òrùlé ilé, apá kan á ṣàn síwájú ilé, apá kan á ṣàn sẹ́yìn, góńgó òrùlé ló sì ń pín wọn. Ilẹ̀ Àríwá Amẹ́ríkà náà ní góńgó tirẹ̀, tó gba orí àwọn òkè Rocky Mountains kọjá láti àríwá dé gúúsù. Continental Divide ni wọ́n ń pè é. Omi tó bá bọ́ sí ìhà ìlà-oòrùn rẹ̀ ní Wyoming níbí, Òkun Àtìláńtíìkì ló ń lọ. Èyí tó bá bọ́ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, Òkun Pàsífíìkì ló ń lọ. (Omi tó bá ṣàn wọ inú kòtò ńlá kan ní gúúsù Wyoming, tí wọ́n ń pè ní Great Divide Basin, kì í dé òkun kankan, ṣùgbọ́n ìyẹn jìnnà sí ibi tí à ń sọ yìí.)

Òfin tí gbogbo odò ń tẹ̀ lé ni pé kò sí èyí tó ń sọdá góńgó yìí. Odò a máa bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ góńgó, a sì máa gba ẹ̀gbẹ́ kan lọ. North Two Ocean Creek kò ṣe bẹ́ẹ̀. Orí góńgó gan-an ló ń ṣàn bọ̀, nígbà tó sì dé ibi tí góńgó náà ti tẹ́ tó ti lọ sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan sí ìhín, ó gbé ẹsẹ̀ kejì sí ọ̀hún.

Bí ẹ bá dúró níbẹ̀, tí ẹ kẹ́yìn sí ibi tí omi ti ń bọ̀, yóò jáde láàárín àwọn igi lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè lẹ́yìn yín, yóò dé oríta rẹ̀, yóò sì là sí méjì lẹ́sẹ̀ yín. Èyí tó yà sọ́wọ́ òsì ń lọ sí ìlà-oòrùn. Atlantic Creek lorúkọ rẹ̀ láti ibẹ̀ lọ. Èyí tó yà sọ́wọ́ ọ̀tún ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Òun ni Pacific Creek. Wọ́n kan pákó kan mọ́ igi níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sí i pé Parting of the Waters, wọ́n sì kọ iye máìlì sí abẹ́ rẹ̀: 3,488 sí Àtìláńtíìkì, 1,353 sí Pàsífíìkì. Ìyẹn tó nǹkan bí 5,613 kìlómítà lọ́nà kìíní, àti 2,177 kìlómítà lọ́nà kejì.

Ṣé omi náà pín déédéé?

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àmọ́ iye omi tó ń bọ̀ kì í ṣe bákan náà jálẹ̀ ọdún. Òjò dídì orí òkè ló ń bọ́ odò náà jù, nítorí náà nígbà tí òjò dídì bá ń yọ́ lẹ́yìn ọ̀gìnnìtìn ni odò máa ń kún.

Kí ló mú un pín, kí sì ni kò jẹ́ kó gba ọ̀nà kan ṣoṣo?

Odò tó bá ń sáré sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè máa ń ru òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn dání. Nígbà tó bá dé ibi tó tẹ́, agbára rẹ̀ á dín kù, á sì sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ẹrù yẹn ni yóò máa ga síwájú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí yóò sì tàn ká bí abẹ̀bẹ̀, tí omi á wá máa wá ọ̀nà gbà ní ọ̀tún àti ní òsì rẹ̀. Irú pípín bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìyanu rárá. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni kí ibi tí odò ti sọ ẹrù kalẹ̀ bọ́ sí orí góńgó tó pín òkun méjì níyà.

Irú oríta bẹ́ẹ̀ kì í sì í pẹ́ lọ títí. Ẹ̀gbẹ́ kan sábà máa ń gbẹ́ ilẹ̀ jìn ju ìkejì lọ, èyí tó jìn jù á wá fa gbogbo omi mọ́ra, èkejì á gbẹ. Lójú tèmi, ohun tó yẹ kó ya èèyàn lẹ́nu jù nìyẹn: láti ọdún 1830 sí 1840 tí àwọn èèyàn ti ń kọ̀wé nípa odò yìí, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣì ń ṣàn.

Kò sí ẹni tó gbẹ́ ẹ. Kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn.

Orúkọ wo ni omi náà ń jẹ́ lójú ọ̀nà kó tó dé òkun?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí, nítorí pé omi kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ń pààrọ̀ orúkọ bí ẹni tó ń sá fún gbèsè.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn ná. Atlantic Creek kò rìn jìnnà tó fi wọ inú Yellowstone River. Yellowstone gbé e wọ inú adágún ńlá tó wà nínú Yellowstone National Park, ó gbé e jáde, ó já a bọ́ láti orí àpáta gíga méjì, ó sì gba Montana kọjá. Lẹ́yìn tó sọdá ààlà North Dakota díẹ̀, ó wọ inú Missouri River. Orúkọ ẹ̀yà kan tó ń gbé etí odò náà láyé àtijọ́, àwọn Missouria, ni wọ́n fi sọ odò yẹn. Missouri gbé omi náà sọ̀ kalẹ̀ dé òkè ìlú St. Louis, ó sì fà á lé Mississippi lọ́wọ́. Mississippi ló gbé e gba New Orleans kọjá dé Gulf of Mexico, tó jẹ́ apá kan Òkun Àtìláńtíìkì.

Ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Pacific Creek wọ inú Snake River nítòsí Moran, nínú Grand Teton National Park. Snake la Idaho já, ó di ààlà láàárín Idaho àti Oregon fún ìgbà díẹ̀, ó yà wọ Washington, ó sì pàdé Columbia níbẹ̀. Columbia ló gbé omi náà dé Pàsífíìkì. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan, Robert Gray, ló fi orúkọ ọkọ̀ rẹ̀, Columbia Rediviva, sọ odò yẹn nígbà tó wọ ẹnu rẹ̀ ní 1792.

Ẹ wá wò ó: Atlantic Creek kò fojú kan Àtìláńtíìkì rí pẹ̀lú orúkọ yẹn, Pacific Creek náà kò sì dé Pàsífíìkì. Ibi tí omi ń lọ ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ. Odò mìíràn, ibi tó ti wá, àwọn tó ń gbé etí rẹ̀ tàbí ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀ ni wọ́n máa ń wò. Àwọn méjì yìí dà bí ọmọ tí wọ́n fi ibi tí wọ́n fẹ́ kó dé láyé sọ lórúkọ, tó wá dàgbà tán tó ń jẹ́ orúkọ mìíràn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ "creek", tí kò jẹ́ "river"?

Kò sí ìwọ̀n kankan tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Nínú àkọsílẹ̀ orúkọ ibi tí ìjọba àpapọ̀ ń tọ́jú, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n kó gbogbo odò sí, àtèyí tó ń jẹ́ creek, àtèyí tó ń jẹ́ river, àtèyí tó ń jẹ́ brook. Ohun tí àwọn aráàlú bá ń pè é ni wọ́n ń kọ. Ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, creek ni wọ́n sábà máa ń pe odò kékeré.

North ló ń jẹ́, ṣé South náà wà ni?

Ó wà. South Two Ocean Creek ń ti ìhà gúúsù sọ̀ kalẹ̀ wá sí Two Ocean Pass kan náà. Tí ìwé àtijọ́ kan bá pe orúkọ náà ní Two Ocean Creek lásán, ẹ fara balẹ̀ wo ìhà tí ó sọ pé odò náà ti ń bọ̀ kí ẹ tó mọ èyí tó ń sọ.

Two Ocean Lake ńkọ́? Ṣé òun náà ń ṣàn sí òkun méjì?

Rárá. Àwọn arìnrìn-àjò máa ń ṣi èyí mú gan-an. Two Ocean Lake jẹ́ adágún kan nínú Grand Teton National Park, ó rọrùn láti dé ju oríta odò wa yìí lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ìhà ìwọ̀-oòrùn góńgó ló wà pátápátá. Pàsífíìkì nìkan ni omi rẹ̀ ń lọ. Tí ẹnikẹ́ni bá fi fọ́tò adágún náà hàn yín pé ibi tí òkun méjì ti pínyà nìyí, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́ kí ẹ kọjá lọ.

Two Ocean Mountain náà wà lápá ibẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo yìí ni wọ́n fà gùn tí wọ́n fi sọ òkè, adágún, ọ̀nà àárín òkè àti odò, ó sì yẹ kí wọ́n ti ṣíwọ́ kó tó dé orí adágún.

Ta ló ní àṣẹ láti sọ irú odò báyìí lórúkọ?

Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ kan tó ń jẹ́ U.S. Board on Geographic Names ló ń fọwọ́ sí orúkọ tí gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ lò. Ààrẹ Benjamin Harrison ló dá a sílẹ̀ ní 1890, ọdún kan náà tí Wyoming di ìpínlẹ̀. Ohun tó fà á ni pé àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn ń gbé máàpù jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, òkè kan á sì ní orúkọ mẹ́ta, odò mẹ́ta á máa jẹ́ orúkọ kan.

Ìgbìmọ̀ náà kì í jókòó máa hùmọ̀ orúkọ. Èyí tó ti wà lẹ́nu àwọn èèyàn ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò. Tí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ fi orúkọ èèyàn sọ ibì kan, ẹni náà gbọ́dọ̀ ti kú fún ọdún márùn-ún, ó kéré tán. Lójú mi, òfin tó mọ́gbọ́n dání nìyẹn, nítorí ó gba ọ̀pọ̀ odò lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú.

Ta ló kọ́kọ́ mọ̀ pé odò náà pín?

Àwọn Shoshone, ẹ̀yà onílẹ̀ kan ní agbègbè náà, ti ń gba orí òkè wọ̀nyẹn kọjá kí òyìnbó tó débẹ̀ rárá. Ní ti àwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀, Osborne Russell, ọdẹ tó ń wá awọ beaver, kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ láàárín ọdún 1830 sí 1840 pé omi pín níbẹ̀, ẹja sì lè gba ibẹ̀ sọdá òkè.

Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni Jim Bridger (1804–1881), òun ni wọ́n sì fi sọ igbó Bridger-Teton. Bridger mọ ilẹ̀ yẹn bí ẹni mowó, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn àsọdùn. Ìtàn rẹ̀ dùn, iyọ̀ inú rẹ̀ sì pọ̀. Nígbà tó wá ń sọ pé òun mọ odò kan tó ń lọ sí òkun méjì, ta ni yóò gbà á gbọ́? Ní 1860, ó ṣe amọ̀nà fún ikọ̀ àwọn ọmọ ogun tí Captain William Raynolds kó sòdí. Ká ní wọ́n dé ìhà Yellowstone ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí, ṣùgbọ́n òjò dídì dí ọ̀nà orí òkè mọ́ wọn.

Ní 1873, Captain William A. Jones kó ikọ̀ tirẹ̀ gba Two Ocean Pass kọjá. Togwotee, ọmọ Shoshone, wà lára àwọn tó fọ̀nà hàn wọ́n, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ Togwotee Pass tó wà ní gúúsù ibẹ̀ títí dòní. Lẹ́yìn náà, ní 1891, onímọ̀ ẹja kan, Barton Evermann, wá síbẹ̀ nítorí ìbéèrè tó kàn wàyí.

Ṣé lóòótọ́ ni ẹja lè gba ibẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ òkun kan bọ́ sí ìkejì?

Bẹ́ẹ̀ ni, ibi tí odò kékeré yìí ti di nǹkan pàtàkì nìyí, torí pé láìsí i, ìtàn adágún Yellowstone kò lójú.

Ẹ rántí pé mo ní Yellowstone River já bọ́ láti orí àpáta méjì lẹ́yìn tó jáde nínú adágún. Àkọ́kọ́ ga tó 33 mítà, ìkejì 94 mítà. Kò sí ẹja tó ń fò gun òkè tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹja tó bá ń bọ̀ láti ìhà Mississippi kò lè dé adágún náà láéláé. Ohun mìíràn ni pé yìnyín ńlá bo gbogbo agbègbè yẹn láyé àtijọ́, tó jẹ́ pé ó lé ní 10,000 ọdún sẹ́yìn kó tó yọ́ tán. Ẹja kì í gbé nínú yìnyín. Ó túmọ̀ sí pé adágún náà ti gbọ́dọ̀ ṣófo rí.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn adágún mìíràn nítòsí rẹ̀ tí àpáta dínà mọ́, bíi Shoshone Lake àti Lewis Lake: nígbà tí àwọn òyìnbó dé ibẹ̀, kò sí ẹja kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n adágún Yellowstone kún fún ẹja cutthroat trout, ẹja tó ní ìlà pupa kan lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ kàn án lọ́rùn. Ibo ni wọ́n gbà wọlé?

Ẹ̀yìnkùlé ni. Irú cutthroat tó wà ní Snake River, ní ìhà Pàsífíìkì, ni ìbátan wọn. Wọ́n gun Pacific Creek lọ sókè, wọ́n dé oríta, wọ́n yà sí Atlantic Creek, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ wọ adágún. Evermann yẹ odò náà wò ní 1891, ó sì rí i pé ọ̀nà náà là fún ẹja lóòótọ́. Àsọdùn Bridger já sí òótọ́, ó ti di olóògbé kí ó tó ṣojú rẹ̀.

Wàhálà tó bá àwọn ẹja náà láyé òde òní kò gba oríta yìí wá. Ní 1994 ni wọ́n rí lake trout, ẹja ńlá tí kì í ṣe ti ibẹ̀, nínú adágún Yellowstone. Èèyàn ló gbé e dé ibẹ̀. Ó ń jẹ cutthroat, iye cutthroat sì já wálẹ̀ gan-an, tó fi di pé àwọn alákòóso ọgbà náà ń na àwọ̀n ní ọdọọdún láti kó lake trout kúrò.

Ṣé ọkọ̀ ojú omi lè gba ibẹ̀ láti òkun dé òkun?

Kò ṣeé ṣe. Omi náà kéré jù, àpáta wà lọ́nà kan, ìdídò sì pọ̀ lórí Snake àti Columbia àti Missouri. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé Ààrẹ Thomas Jefferson rán Lewis àti Clark jáde, tí ìrìn wọn gba láti 1804 sí 1806, kí wọ́n lọ wá ọ̀nà omi tó la ilẹ̀ náà já. Wọn kò rí i. Ó wà lóòótọ́, àmọ́ ẹja ló bá mu.

Ṣé kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn?

Ó wà, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀. Nínú Yellowstone National Park fúnra rẹ̀, adágún kékeré kan wà tó ń jẹ́ Isa Lake, lórí góńgó kan náà. Etí rẹ̀ méjèèjì ni omi ti ń jáde, ó sì kọ ẹ̀yìn sí ohun tí èèyàn rò: èyí tó jáde níhà ìlà-oòrùn ló yí po tó lọ sí Pàsífíìkì, èyí tó jáde níhà ìwọ̀-oòrùn ló lọ sí ìhà Àtìláńtíìkì. Ní Kánádà, Divide Creek pín lórí ààlà Alberta àti British Columbia. Èyí tó tóbi jù láyé nínú irú pípín báyìí ni Casiquiare ní Venezuela, tó ya kúrò lára Orinoco, tó sì gbé omi rẹ̀ lọ sí Amazon. Odò ńlá tí ọkọ̀ ń gbà ni ìyẹn, ṣùgbọ́n òkun kan náà ni ẹ̀ka rẹ̀ méjèèjì ń lọ.

Ṣé a lè pè é ní orísun Mississippi?

Ẹ lè sọ pé omi rẹ̀ wà nínú Mississippi. Orísun tí wọ́n fọwọ́ sí ni Lake Itasca ní Minnesota, tí Henry Schoolcraft kéde ní 1832. Òun náà ló hùmọ̀ orúkọ náà: ó mú ọ̀rọ̀ Látìn méjì, veritas àti caput, ó gé orí èkíní, ó gé ìdí èkejì, ó so ohun tó kù pọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn sì rò pé èdè àwọn onílẹ̀ ni.

Báwo ni èèyàn ṣe ń débẹ̀?

Ẹsẹ̀ tàbí ẹṣin. Láti 1964 ni Teton Wilderness ti wà lábẹ́ òfin tó ka ohun ìrìnnà oníẹ́ńjìnnì àti kẹ̀kẹ́ léèwọ̀ níbẹ̀. Ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó ń tẹ̀ lé góńgó náà, Continental Divide Trail, gba ibi tí omi ti pín kọjá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrìn ọjọ́ kan, torí náà oúnjẹ àti àgọ́ gbọ́dọ̀ wà lẹ́rù yín. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn tí òjò dídì bá ti yọ́, ló dára jù. Béárì grizzly wà nínú igbó yẹn, nítorí náà ẹ má gbé oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí yín sùn, ẹ béèrè òfin ìtọ́jú oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn aṣọ́gbó kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì gbé òògùn fífọ́n tó ń lé béárì dání. Láti 1965 ni ìjọba ti kọ ibi tí omi ti pín náà mọ́ àwọn National Natural Landmark, ìyẹn àwọn ibi àdáyébá tí orílẹ̀-èdè kà sí pàtàkì. Tí ẹ bá dé oríta, ẹ má gbé òkúta inú odò kúrò láti fi dánra wò bóyá ẹ lè darí omi sí ẹ̀gbẹ́ kan.